Híítà ilé ìwẹ̀ yín ò gbóná mọ́? Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é kẹ́ ẹ tó náwó sí i

Bí híítà ilé ìwẹ̀ bá ti dákẹ́ báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu oníná ni pé "ẹ́límẹ́ǹtì ẹ̀ ti jó, ẹ lọ ra òmíì" (ẹ́límẹ́ǹtì ni irin tó ń gbé omi gbóná nínú ẹ̀), àwọn míì ò tiẹ̀ ní tú u wò rárá, wọ́n á kàn ní híítà ti lọ nìyẹn, ẹ ra tuntun. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Àmọ́ èmi tí mo ti ń tú híítà àwọn èèyàn n'Íbàdàn níbí ó ti pẹ́, mo lè sọ fún yín pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́límẹ́ǹtì kọ́ ló bàjẹ́, súwíìṣì ara ògiri ló jó nínú, tàbí ẹnu wáyà kan ló tú, tàbí bọ́tìnnì kékeré tó ń dáàbò bo híítà ló fò, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ padà ó parí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí wàhálà wà kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, kódà tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló máa tún un ṣe, kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un, kó má kàn máa pe owó lé yín lórí.

Híítà tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, tó ní tánkì nínú, 15 lítà, 30 lítà, 50 lítà, tí ẹ́límẹ́ǹtì ẹ̀ rì sínú omi. Àwọn kékeré tí ò ní tánkì, tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, mi ò ní fọwọ́ kan ìyẹn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí iná ń gbà débẹ̀, torí ọ̀nà yẹn náà la máa tọ̀ lọ. Iná á kúrò ní mítà, á gba inú brékà, á dé súwíìṣì híítà tó wà lára ògiri, èyí tó máa ń ní iná pupa kékeré lójú yẹn, láti ibẹ̀ wáyà á wọnú híítà, á gba ara kọ́ọ̀tì-áòtù (ohun tó ń já iná tí ooru bá ti pọ̀ jù, òun ló ni bọ́tìnnì kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan), á gba ara tẹmósítáàtì (ohun tó ń dá iná dúró tí omi bá ti gbóná tó), ìgbà yẹn ló tó wá dé ẹ́límẹ́ǹtì. Ibì kan ṣoṣo tó bá já lójú ọ̀nà yìí, omi tútù lẹ máa fi wẹ̀. Torí náà ìta la ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì mú sukurudíráfà dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa ká tó lọ jìnnà. Àyẹ̀wò tó jẹ́ pé ojú, imú àti etí la fẹ́ fi ṣe, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Àmọ́ tó bá ti kan ká tú ìdérí híítà, brékà ẹ̀ lẹ máa pa, kì í ṣe súwíìṣì ara ògiri nìkan, torí mo ti rí ilé tí wọ́n ti so wáyà fo súwíìṣì náà dá, súwíìṣì wà ní pípa iná sì wà nínú híítà rẹpẹtẹ. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé pé ẹ ń ṣiṣẹ́ iná, kí ọmọdé kan má lọ tan brékà padà. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ, ẹ wọ sálúbàtà rọ́bà, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ náà ò gbọdọ̀ lómi. Téstà tó dà bíi sukurudíráfà yẹn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e o, ó máa ń tàn nígbà míì níbi tí iná gidi ò sí, ó sì lè kọ̀ láti tàn níbi tí iná wà. Multimeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ kọ́kọ́ fi wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó níná, kẹ́ ẹ mọ̀ pé multimeter náà ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó wá fi wo ẹnu wáyà híítà, tó bá ti fi òdo hàn ẹ tún padà fi wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ò bá ní multimeter, tàbí tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀, kó dúró síbi àyẹ̀wò ìta, kó pe oníná tó mọṣẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó yá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi èèyàn ni pé báwo ni iná àdúgbò yín ṣe rí? Híítà tí wọ́n kọ 1500 wáàtì sí lára, orí 230 fóòtì (volt) ni wọ́n fi ka agbára yẹn. Tí iná bá wá lọ sílẹ̀ dé 160 fóòtì, irú hááfù kọ́rẹ́ǹtì tá a máa ń rí nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, híítà yẹn ò ní lágbára ju bíi 725 wáàtì lọ, kò tó ìdajì. Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí fóòtì bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, agbára náà á fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, rárá o, ọ̀nà méjì ló ń gbà dín kù, iná tó ń ṣàn kọjá nínú ẹ́límẹ́ǹtì dín, ohun tó ń tì í náà dín. Omi 30 lítà tó wà ní 25°C, kó tó gbóná dé 60°C pẹ̀lú iná tó pé, á gbà á tó bí 50 ìṣẹ́jú. Lórí 160 fóòtì, bí 100 ìṣẹ́jú ni. Tánkì 50 lítà, pẹ̀lú iná tó pé gan-an, á lé ní wákàtí kan dáadáa. Ẹni tó wá tan híítà fún ogún ìṣẹ́jú tó bọ́ sábẹ́ ṣáwà á ní híítà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe híítà. Ẹ fi multimeter wo iná sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí híítà wà ní títàn, tí ò bá tó 200, ẹ fún un ní àkókò, tàbí kẹ́ ẹ máa tàn án ní àárọ̀ kùtù tí iná máa ń pé díẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá iná NEPA lẹ wà lórí ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ oníná kì í so híítà mọ́ ìlà jẹ́nẹ́rétọ̀ tàbí ti inverter, wọ́n sì ṣe dáadáa, torí jẹ̀n kékeré I-better-pass-my-neighbour yẹn ò lè gbé híítà 1500 wáàtì, á kú ni. Ẹ lè wà nínú ilé kí gílóòbù gbogbo tàn rekete, kí híítà má rí iná kankan.

Àyẹ̀wò tí mo wá fẹ́ràn jù rèé, kò gbà pé kẹ́ ẹ tú nǹkan kan. Ẹ ṣí omi gbígbóná sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí omi tútù lè wọnú tánkì, kí tẹmósítáàtì lè mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Ẹ wá pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ilé, fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ lọ síwájú mítà, ẹ wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀, kò ní fẹ́ẹ́ ṣẹ́jú mọ́ torí kò sí nǹkan tó ń jẹ iná. Kí ẹnì kan wá tan híítà. Wọ́n máa ń kọ nǹkan bíi 1000 imp/kWh sójú mítà, ìyẹn ni pé tí iná náà bá ṣẹ́jú nígbà 1000, yúníìtì kan ti lọ. Lórí irú mítà bẹ́ẹ̀, híítà 1500 wáàtì tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú kó ṣẹ́jú bí ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá jẹ́ 1600 imp/kWh ni wọ́n kọ, bí ìgbà 40. Tí iná ò bá pé, á lọ́ra díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, ẹ́límẹ́ǹtì ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ sinmi, wàhálà yín wà níbi omi tàbí ibi àkókò. Tí mítà ò bá ṣẹ́jú rárá lẹ́yìn tẹ́ ẹ tan híítà, iná ò dé ẹ́límẹ́ǹtì, tàbí ó dé ibẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ pé orí òpó ni wọ́n gbé mítà yín sí, ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì nínú ilé lè fi bí iná tẹ́ ẹ ń lò ṣe pọ̀ tó hàn yín, ẹ wo ìwé tó bá a wá.

Brékà ńkọ́? Híítà 1500 wáàtì ò ju bí áńpíà 6 àtààbọ̀ lọ, brékà 20 tí wọ́n sábà ń fi sí i ò yẹ kó já rárá. Tó bá ń já, ẹ pa súwíìṣì ara ògiri, kẹ́ ẹ wá gbé brékà padà. Tó bá dúró, tó wá já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ tan súwíìṣì, inú híítà tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀ ni ẹ̀bi wà, ẹ́límẹ́ǹtì tó ti ya ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí omi ti wọ inú ẹ̀. Tó bá já pẹ̀lú pé súwíìṣì wà ní pípa, wáyà inú ògiri tàbí brékà fúnra ẹ̀ ni. Tó bá sì jẹ́ pé á pẹ́ díẹ̀ kó tó já, ẹ fura sí ẹnu wáyà tí wọn ò dè le nídìí brékà, ó ń gbóná ni. Ẹ má gbé brékà ńlá síbẹ̀ kó má baà já mọ́ o! Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Súwíìṣì ara ògiri ni mo máa ń bá lọ́ràn jù. Lẹ́yìn tí híítà bá ti wà ní títàn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó gbẹ kan ojú súwíìṣì náà. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò burú. Tó bá gbóná tẹ́ ẹ ò lè gbọ́wọ́ lé e pẹ́, tàbí ara ẹ̀ ti pọ́n bíi ṣúgà tó jó, tàbí ó ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ nínú, tàbí ẹ ń gbóòórùn rọ́bà, inú ẹ̀ ti jó nìyẹn, ẹ pa á, ẹ má lò ó mọ́. Iná pupa ojú ẹ̀ lè ṣì máa tàn o, torí iná pupa yẹn ò nílò ju díẹ̀ lọ láti tàn, kò túmọ̀ sí pé irin inú ẹ̀ ṣì lè gbé híítà. Súwíìṣì áńpíà 20 tó ń pa wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe súwíìṣì gílóòbù, kì í sì í ṣe ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n.

Lára híítà fúnra ẹ̀ náà, iná kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ híítà, ẹ̀yìn tẹmósítáàtì ni wọ́n so ó sí, á tàn nígbà tí omi bá ń gbóná, á kú nígbà tí omi bá ti gbóná tó. Tó bá jẹ́ irú èyí ni, tí iná náà ń tàn tómi ò sì gbóná títí, tí mítà náà ò yára ṣẹ́jú, ẹ́límẹ́ǹtì tàbí ẹnu wáyà ẹ̀ lẹ máa fura sí. Tí kò bá tàn rárá, iná ò tíì kọjá kọ́ọ̀tì-áòtù àti tẹmósítáàtì, àbí kó jẹ́ pé gílóòbù kékeré náà ló kú. Àwọn híítà kan wà tó jẹ́ pé iná wọn kì í kú tí súwíìṣì bá ti wà ní títàn, ìyẹn ò lè sọ nǹkan kan fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣeré. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ tàbí omi ṣáwà tó ń ta yín jìn-ìn lára, kódà kó kéré, kódà kó jẹ́ pé ìgbà tí híítà bá wà ní títàn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa brékà híítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbẹ̀, títí oníná tó mọṣẹ́ á fi dé. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́límẹ́ǹtì ti ya, iná ń wọ omi, ilé yín ò sì ní áàtì tàbí áàtì náà ti já. Tí áàtì bá wà tó dáa, iná yẹn ì bá gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀, brékà náà sì lè já. Àwọn ilé wà tí wáyà àwọ̀ ewé àti yẹ́lò yẹn wà lẹ́yìn híítà tí wọ́n kàn gé e síbẹ̀, wọn ò so ó mọ́ ibì kankan. Ara tó tutù, tó lómi, tó dúró lórí táìlì, iná díẹ̀ ló máa pa á. Ẹ pààrọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n gbẹ́ áàtì, méjèèjì pọ̀ ni o, ọ̀kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Bákan náà ni bọ́ìlìn ríìnì tá a máa ń gbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má ki ọwọ́ bọ omi wò nígbà tó wà nínú iná, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ná, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ pa súwíìṣì ẹ̀ lásán, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà sí i.

Tí gbogbo ìta bá ti dáa, ẹ pa brékà, ẹ tú ìdérí tó wà nísàlẹ̀ híítà, sukúrù méjì sí mẹ́ta ló máa ń ní. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan ná, ẹ fi multimeter wò ó pé kò síná láàárín wáyà méjèèjì tó wọlé, kẹ́ ẹ tún wo ìkọ̀ọ̀kan wọn sí áàtì. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ wò ó dáadáa, ẹ fimú gbóòórùn ẹ̀. Nílé kan ní Àkóbọ̀, wọ́n ti ra ẹ́límẹ́ǹtì tuntun sílẹ̀ dè mí. Mo ṣí ìdérí, mo rí i pé ọ̀kan nínú ẹnu wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì wọ ara ẹ́límẹ́ǹtì ti dúdú, rọ́bà tó wà lórí ẹ̀ ti yọ́ ó sì ti le gbandi, mo kàn fi ọmọ ìka gbá a ló bọ́ sílẹ̀, irin ẹ̀ ò fún mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ẹnu kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń dán bíi tuntun. Mo gé ibi tó jó lára wáyà, mo fi ẹnu tuntun sí i, mo fi pílíáásì fún un le, mo fi sáńpépà ha ara ẹ́límẹ́ǹtì níbi tó ti dúdú. Ẹ́límẹ́ǹtì àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n ń lò títí dòní, wọ́n dá tuntun padà fún ọlọ́jà.

Tí ẹnu wáyà bá dáa, ẹ wá kọ́ọ̀tì-áòtù. Lára ọ̀pọ̀ híítà, ara tẹmósítáàtì náà ló wà, bọ́tìnnì kékeré, ó lè jẹ́ pupa, ó lè jẹ́ funfun, ó lè wà nínú ihò. Ẹ fi igi tàbí ẹ̀yìn bírò tẹ̀ ẹ́. Tó bá dún kẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín, ó ti já tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó ti padà wọlé. Ẹ dé ìdérí, ẹ tan iná, ẹ dán an wò. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ fún oṣù mélòó kan, ó lè jẹ́ pé omi ló gbẹ nínú tánkì lọ́jọ́ kan. Tó bá tún já láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń sọ fún yín pé tẹmósítáàtì ti lẹ̀, kì í já iná mọ́ nígbà tí omi bá gbóná tó, tàbí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti bo ẹ́límẹ́ǹtì mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹmósítáàtì ni, tuntun ni kẹ́ ẹ rà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín. Àwọn oníná kan wà tó jẹ́ pé tí tẹmósítáàtì bá bàjẹ́, wọ́n á so wáyà ní dáírẹ́ẹ̀tì, iná á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ sí ẹ́límẹ́ǹtì, omi á gbóná fòò, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gbà o! Híítà tí wọ́n ti so ní dáírẹ́ẹ̀tì ò mọ ìgbà tí omi gbóná tó, á máa sè é lọ ni títí ẹnì kan á fi rántí pa á. Ọ̀pọ̀ tẹmósítáàtì ń dá iná dúró láàárín 60 sí 75°C. Tí kò bá sí, omi á hó nínú tánkì tí wọ́n dé pa, tí fáàfù ìsàlẹ̀ tó yẹ kó tú agbára omi jáde bá tún ti dí, tánkì yẹn lè bẹ́ lára ògiri pẹ̀lú bíríkì. Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá dé bẹ́ẹ̀ kó tó ṣe èèyàn léṣe, omi 60°C á bó ọmọdé lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ká má tíì sọ omi tó ń hó. Tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ tí ooru ń tú jáde fùú pẹ̀lú omi, ẹ pa brékà, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, ẹ sì tú u wò bóyá ẹnì kan ti so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó tún lò ó.

Láti mọ̀ bóyá tẹmósítáàtì dáa, ẹ jẹ́ kí omi tutù, ẹ yọ wáyà ara ẹ̀, ẹ gbé multimeter sí ibi óòmù (àmì Ω), ẹ fi ẹnu ẹ̀ méjèèjì kan ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Tó bá fi OL tàbí 1 tó dá dúró hàn (ìyẹn ni pé iná ò rí ọ̀nà kọjá) lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tẹ bọ́tìnnì, ó ti kú.

Ó wá kan ẹ́límẹ́ǹtì. Ẹ yọ wáyà ẹ̀ méjèèjì kúrò, torí tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú wáyà lára, irọ́ ni multimeter máa pa. Ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sára híítà, ẹ ṣe ìṣirò kékeré yìí: fóòtì lọ́nà fóòtì, ẹ fi wáàtì pín in. 230 lọ́nà 230 jẹ́ 52,900, tẹ́ ẹ bá fi 1500 pín in ó jẹ́ bí óòmù 35. Ti 1200 wáàtì á jẹ́ bí 44, ti 2000 á jẹ́ bí 26. Tí ohun tẹ́ ẹ rí bá sún mọ́ ọn, wáyà inú ẹ̀ kò já. Tó bá fi OL hàn, ó ti já, òun gan-an ló kú, ẹ lọ ra òmíì. Ó ku ẹyọ kan: ẹ gbé multimeter sí óòmù tó ga jù, ẹ fi ẹnu kan sí ara irin ẹ́límẹ́ǹtì, ẹ fi ìkejì kan ibi méjèèjì tí wáyà ń wọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. OL ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Nọ́ńbà yòówù tó bá jáde níbẹ̀, iná ń jò sínú omi, ẹ má so ó padà, kódà tó bá ṣì ń gbé omi gbóná. Bátìrì kékeré ni multimeter fi ń wọn èyí, torí náà ó lè má rí ìjò tó jẹ́ pé orí 230 fóòtì nìkan ló ń jáde, tẹ́ ẹ bá ti fura, kí oníná fi mégà (ẹ̀rọ tó ń fi fóòtì gíga wá ibi tí iná ti ń jò) wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tó jẹ́ pé immersion inú sílíńdà lẹ ń lò, ìlànà kan náà ni, àmọ́ 3000 wáàtì ló sábà máa ń jẹ́, ẹ máa rí bí óòmù 18, bọ́tìnnì ẹ̀ sì wà lábẹ́ ìdérí tó wà lórí immersion náà. Omi London le, ẹfun inú ẹ̀ máa ń bo ẹ́límẹ́ǹtì. Tó bá jẹ́ ilé ẹlòmíì lẹ háyà, ẹ má tú u rárá, òfin Landlord and Tenant Act 1985, abala 11, sọ pé onílé ló máa tún ohun tó ń gbé omi gbóná ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Tí ẹ́límẹ́ǹtì bá dáa tómi sì ń pẹ́ kó tó gbóná, tàbí tó ń dún gúrú-gúrú bí ìgbà tí iṣu ń hó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Omi bọrohóòlù tó pọ́n, tó bá dúró nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi nǹkan pupa sílẹ̀ nísàlẹ̀, nǹkan kan náà ló ń fi sínú tánkì híítà lójoojúmọ́. Ẹ pa brékà, ẹ jẹ́ kí omi tutù, ẹ pa omi tó ń wọlé, ẹ da tánkì nù, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó yí ẹ́límẹ́ǹtì ká, ẹ fà á jáde, ẹ ha ara ẹ̀, ẹ fọ inú tánkì. Ẹ máa rí ọ̀pá eérú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, magnesium ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí omi jẹ òun dípò kó jẹ tánkì. Tó bá ti jẹ tán tó ku wáyà lásán láàárín, ẹ fi tuntun sí i, torí tí kò bá sí mọ́, tánkì ló kàn. Gáskẹ́ẹ̀tì rọ́bà náà, ẹ má lo ti àtijọ́, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jò. Tó bá jẹ́ ara tánkì fúnra ẹ̀ ló ti jẹ tó ń jò, ìyẹn ò gba àtúnṣe, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa mú un, híítà tuntun ló kù.

Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, omi ló ń ṣáájú iná. Ẹ ṣí omi tó ń wọlé, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná sílẹ̀, á kọ́kọ́ máa fẹ́ atẹ́gùn, á máa tú pù-pù, ẹ dúró títí omi á fi máa ṣàn geere láìsí atẹ́gùn nínú ẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn lẹ tó lè pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wo ìdí gáskẹ́ẹ̀tì pé kò sí ẹ̀kán omi kankan, kẹ́ ẹ dé ìdérí, kẹ́ ẹ tan brékà. Ẹ́límẹ́ǹtì tó bá gbóná láìsí omi, kì í pẹ́ kó tó jó, àwọn tí tánkì òkè wọn máa ń gbẹ ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Fáàfù kékeré ìsàlẹ̀ lè máa kán tó, tó, nígbà tómi bá ń gbóná, ẹ má dí i, omi tó ń wú ló ń jáde. Ẹ jókòó tì í títí iná pupa ara ẹ̀ á fi kú fúnra ẹ̀, torí ìyẹn lẹ máa fi mọ̀ pé tẹmósítáàtì ń já iná bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan súwíìṣì ara ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, tí kò bá gbóná, ẹ lè wẹ̀.